Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Mẹ́fà Nínú Ìrù Bàálù

Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ SS 2 Science

Láti ìgbà tí bàálù kékeré kan ti ń fò lórí pápá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ti ń dé etí mi. Àwọn kan ní dúróònù àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ni, pé wọ́n fi ń wá àwọn tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kó ìrẹsì wọlé láti Kútọnu. Ìyá kan tó sá láfún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tilẹ̀ sáré kó láfún rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò ní kámẹ́rà, kò sì mọ̀ bóyá ìrẹsì ni ẹ gbé tàbí gààrí. Bàálù tí a ń fi rìmóòtù darí ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń kàwé ní Federal Polytechnic ní Ìlaròó, ló ṣe é. N kò ní kọ nípa bó ṣe ń fò, nítorí ojú yín ti rí ìyẹn. Nípa ìrù rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ohun tó jẹ́. Fóòmù funfun tí wọ́n máa ń fi ká fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n nínú páálí ni a fi ṣe ara rẹ̀. Láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì jẹ́ mítà kan. Nígbà tí a gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, gíráàmù 620 ni, kò wúwo tó búrẹ́dì ńlá kan. Mọ́tò kan wà nímú rẹ̀, servo mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀ tó ń fa àwọn ibi tó ń tẹ̀. Kì í ṣe irú bàálù tó ń gbé èrò láti Ìkẹjà lọ sí Àbújá, tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Eré ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń ta kìtì lófuurufú, ó ń yí bìrí, ó ń dojú délẹ̀ fò, nígbà mìíràn á gbé imú sókè, á sì dúró sínú afẹ́fẹ́ bíi pé wọ́n so ó kọ́.

Ìrù ló ń jẹ́ kó lè dá gbogbo àrà wọ̀nyí. Ọ̀nà méjì ni ìrù pín sí. Pátákó kan dúró lóòró, kì í jẹ́ kí ìdí bàálù máa ṣe ségesège; ẹ̀yìn rẹ̀ ni rudder wà, tó ń darí imú sọ́tùn-ún àti sósì. Pátákó kejì nà gbalaja lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni elevator wà, tó ń gbé imú sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bàálù tó ń ṣeré gbọ́dọ̀ ní rudder àti elevator tó tóbi ju ti bàálù yòókù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá ṣe tóbi tó, tí wọ́n sì ń tẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe ń lù wọ́n tó. Ibi tó rẹlẹ̀ jù lára bàálù, tó tín-ín-rín jù, ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ tó le jù fún.

Ìrù tiwa já lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, bàálù balẹ̀ sínú koríko gíga, ọrùn ìdí rẹ̀ sì kán bí ọrùn adìyẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń ta kìtì lọ́wọ́, apá kan pátákó ìbú sì ká sókè bí ìwé. Lẹ́ẹ̀kẹta ló bà mí lẹ́rù jù. Bàálù ń sáré bọ̀ wálẹ̀, la bá gbọ́ “wùùù”, bí ìgbà tí oyin bá há sínú agolo. Rudder ló ń gbọ̀n. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó dín eré mọ́tò kù, rudder ti ya kúrò lára ìrù, bàálù sì já sínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn pápá. Lọ́jọ́ yẹn, servo méjì ló bàjẹ́, imú mọ́tò sì wọ́.

Bàbá mi kò pariwo. Wọ́n wo àfọ́kù náà, wọ́n ní, “Rélùwéè gan-an ò wá mọ́, bàálù lẹ wá ń ṣe.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, torí ẹ mọ̀ pé ojú irin tó wá láti Ìfọ̀, tó gba Ìlaròó kọjá, ìlú wa níbí ló parí sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e kì í ṣe ti ẹ̀rín. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́. Bí nǹkan yìí bá tún já, a máa ta mọ́tò àti bátìrì rẹ̀. Owó WAEC ọmọ yìí ń bọ̀ lọ́nà.” Wọn kò purọ́. Owó gààrí ọjà mẹ́ta tí Màmá mi tà ni a fi ra bátìrì yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Èkó fún IT ọdún kan. Kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n gbé rìmóòtù lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ìwọ lo ni ín báyìí. Bí o bá rí ìrù rẹ̀ tún ṣe dáadáa, máa fò ó. Bí o ò bá rí i ṣe, má fi owó Màmá ṣòfò.”

Ẹni tó bá gbọ́ nípa ìrù yìí ló ní ìmọ̀ràn. “Fi pákó sí i.” “Fi irin kẹ̀kẹ́ sí i.” “Wé gbogbo rẹ̀ ní téèpù kó nípọn.” Ìmọ̀ràn gbogbo wọn, kí ìrù sáà ti wúwo ni. Ohun tí olùkọ́ Physics kọ́ wa ló gbà mí. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé rúlà gígùn sórí ojú ọ̀bẹ, tí wọ́n ń gbé òkúta kékeré kiri orí rẹ̀? Wọ́n ní kì í ṣe bí nǹkan ṣe wúwo tó nìkan ni a ń wò, a tún ń wo bó ṣe jìnnà tó sí ibi tí rúlà dúró lé. Mo gbé ìmọ̀ yẹn sórí bàálù. Láti ibi tó ti ń dúró lọ́gbọọgba dé ìrù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. Láti ibẹ̀ náà dé imú jẹ́ 20 péré. Bí mo bá lẹ gíráàmù 10 mọ́ ìrù, 10 lọ́nà 60 jẹ́ 600. Kí imú tó lè bá a dọ́gba, gíráàmù 30 ni màá fi síbẹ̀, torí 30 lọ́nà 20 ló ń jẹ́ 600. Gíráàmù 10 ti di 40 nìyẹn. Bàálù tó bá wúwo sí i gbọ́dọ̀ sáré sí i kó tó lè dúró lófuurufú, yóò sì tún balẹ̀ gbì-ì. Bí mo bá sì fi ìrù sílẹ̀ kó wúwo láìfi nǹkan sí imú, ìdí á máa rìn síwájú orí, kò sẹ́ni tó lè darí rẹ̀. Ìbéèrè tó wà níwájú mi nìyí: báwo ni ìrù ṣe máa le tí kò ní wúwo?

Ọ̀dọ̀ káfíńtà tó wà nítòsí ilé wa ni mo ti rí ìdajì ìdáhùn. Ẹ̀gbọ́n yìí kò mọ nǹkan kan nípa bàálù. Wọ́n kàn gba ìrù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò tì í díẹ̀, ó yẹ̀.

“Wo òkè,” wọ́n ní, wọ́n ń nawọ́ sí òrùlé ṣọ́ọ̀bù wọn. “Kí lo rí?”

“Igi ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Mélòó ló pàdé ara wọn níbẹ̀ yẹn?”

“Mẹ́ta ni.”

“Bí mo bá yọ ìkan ńkọ́?”

“Òrùlé á yẹ̀.”

“Ó dáa. Nǹkan onígun mẹ́rin, bó wù kí igi rẹ̀ nípọn tó, tí o bá tì í, á yẹ̀. Onígun mẹ́ta kì í yẹ̀, àfi tí igi bá ṣẹ́. Ìrù tìẹ yìí kò ní ẹni tó fọwọ́ tì í.”

Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n òun ni mo gbé relé. Tí ẹ bá wo férémù kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀yin náà á rí onígun mẹ́ta lára rẹ̀.

Ó wá ku ohun tí a máa fi ṣe igi. Àwọn tó ń ṣe irú bàálù yìí nílùú òyìnbó ń lo ọ̀pá carbon fibre, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó sì le bí irin. Owó rẹ̀ kò sí lápò wa. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ wà nílé. Ẹyọ ìgbálẹ̀, egungun ewé ọ̀pẹ ni. Ó gbẹ, ó fúyẹ́, bí o bá tẹ̀ ẹ́, á padà sípò. Mo dán an wò kí n tó fi kan bàálù. Mo gé fóòmù mẹ́ta tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí wọ́n nípọn dọ́gba. N kò fi nǹkan kan sí àkọ́kọ́. Mo ki ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì bọ àárín ìkejì. Ìkẹta, mo lẹ ẹyọ kan sí òkè rẹ̀, mo lẹ ẹyọ kan sí ìsàlẹ̀. Mo gbé wọn lé àárín bẹ́ǹṣì méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo so lailọ́ọ̀nù kọ́ wọn, mo sì ń fi ṣíbí bu iyanrìn sínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ṣẹ́ ní ṣíbí 7. Ìkejì ṣẹ́ ní ṣíbí 12. Ìkẹta kò ṣẹ́ títí mo fi dé ṣíbí 26. Ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì náà ni méjèèjì ní o! Ibi tí wọ́n wà ló yàtọ̀. Nígbà tí nǹkan bá ń tẹ̀, òkè rẹ̀ ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń nà, àárín kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ran án lọ́wọ́, òkè àti ìsàlẹ̀ ni kó lọ.

Ti gọ́ọ̀mù náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Super glue ń jẹ fóòmù funfun bí ìgbà tí omi gbígbóná bá kan ṣúgà, gọ́ọ̀mù tí àwọn ṣọbàtà fi ń lẹ bàtà náà sì ń jẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò kò jẹ ẹ́, àmọ́ kì í kánjú. Odindi òru kan ló fi ń gbẹ. Ẹ máa kọ́kọ́ dán gọ́ọ̀mù wò lára àfọ́kù fóòmù.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì wà lórí pátákó ìbú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Méjì tún wà ní ọrùn ìdí bàálù níbi tó ti kán, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Méjì tó kù ni mo fi ṣe ọwọ́ tí káfíńtà ní kò sí: wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ pátákó ìbú, wọ́n dà gẹ̀rẹ́ wá sí ìsàlẹ̀ ìdí bàálù. Mo wá fi okùn ìpẹja so ṣóńṣó pátákó òòró mọ́ pátákó ìbú lọ́tùn-ún àti lósì, mo fà á kó le díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí ìrù á fi wọ́. Ibikíbi tí ẹ bá ti wo ìrù yẹn báyìí, onígun mẹ́ta lẹ máa rí. Mo gbé gbogbo ohun tí mo fi kún un sórí ìwọ̀n ní láàbù, àti gọ́ọ̀mù àti okùn, gíráàmù 6 ni. 6 lọ́nà 60 jẹ́ 360. Dípò kí n lẹ nǹkan mọ́ imú, mo sún bátìrì, tó jẹ́ gíráàmù 150, síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 2 àti díẹ̀. Bàálù dọ́gba. Mi ò fi gíráàmù kan ṣoṣo kún imú.

Ó ku ìró “wùùù” yẹn. Kì í ṣe fóòmù ló fà á. Nígbà tí mo di servo mú, tí mo mi rudder, rudder ṣì ń lọ síwá sẹ́yìn, torí wáyà tó so méjèèjì pọ̀ gùn, ó sì ń tẹ̀ láàárín. Nǹkan tó bá ti jọ̀lọ̀ báyìí, bí atẹ́gùn líle bá dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i títí á fi ya. Mo gé ike bíírò sí kékeré mẹ́ta, mo lẹ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ bàálù, mo sì ki wáyà gba inú wọn kọjá kó má lè tẹ̀ mọ́. Mo lẹ sẹ́lótéèpù sí ojú ibi tí rudder ti ń ṣẹ́ po láti òkè dé ilẹ̀, kí àlàfo má sí níbẹ̀. Ìró yẹn kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á ní, kí ló kàn mí tó báyìí, ṣebí eré ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn méjì tí mo kà nípa ìrù bàálù ńlá.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún 1985, Boeing 747 ti Japan Airlines gbéra ní Tokyo, ó ń lọ sí Osaka, èèyàn 524 ló wà nínú rẹ̀. Ọdún méje ṣáájú, ní 1978, ìdí bàálù yẹn ti ha ilẹ̀ nígbà tó ń balẹ̀. Wọ́n tún ògiri tó wà nínú ìdí rẹ̀ ṣe, èyí tó ń di afẹ́fẹ́ inú bàálù mú. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó jẹ́ odindi, wọ́n gé e sí méjì, ìlà ríbẹ́ẹ̀tì kan ló wá ń ṣiṣẹ́ tó yẹ kí ìlà méjì ṣe. Ojú kò lè rí i láti ìta. Ọdún méje ni bàálù náà fi fò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni ògiri bẹ́, afẹ́fẹ́ tú jáde, ó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú pátákó òòró ìrù lọ, ó sì já àwọn páìpù tí wọ́n fi ń darí bàálù. Àwọn awakọ̀ jìjàdù fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èèyàn 520 ló kú, mẹ́rin péré ló yè.

Ìkejì ni ti ọjọ́ 12 oṣù Bélú 2001. Airbus A300 ti American Airlines ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní New York ni. Afẹ́fẹ́ tí bàálù kan tó ṣáájú rẹ̀ dà rú mì ín, ẹni tó ń wà á sì ń tẹ rudder sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, sósì, títí pátákó òòró fi já kúrò lára rẹ̀. Èèyàn 260 tó wà nínú rẹ̀ kú, èèyàn márùn-ún sì kú nílẹ̀. Àwọn tó wádìí ọ̀ràn náà rí i pé ìrù yẹn le ju bí òfin ṣe béèrè lọ. Ohun tí wọ́n gbé lé e ló ju ti gbogbo ìrù lọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo mú níbẹ̀. Ti Japan kọ́ mi pé àtúnṣe tó kàn dára lójú lè burú ju àfọ́kù lọ, torí àfọ́kù kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya gbogbo téèpù àtijọ́ kúrò lára ìrù wa, kí n lè rí ojú ẹgbò kí n tó di í. Ti New York kọ́ mi pé kò sí ìrù tó le ju ọwọ́ tó ń darí rẹ̀ lọ. Mo wá tún rìmóòtù tò: bí bàálù bá ń sáré, rudder kò ní lè tẹ̀ ju ìdajì lọ, bó bá fẹ́ ṣeré jẹ́jẹ́ ni mo máa ń tú u sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, bàálù ti fò lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ó ti ta kìtì, ó ti yí, ó ti dojú délẹ̀. Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn gbá a lulẹ̀, ọ̀kan nínú ọwọ́ ìgbálẹ̀ ìsàlẹ̀ sì ṣẹ́. Fóòmù kò kán, servo kò bàjẹ́. Mo fa ẹyọ mìíràn yọ nínú ìgbálẹ̀, mo lẹ ẹ́ lálẹ́, ó gbẹ láàárọ̀. Iye tó ná wa jẹ́ òdo náírà. Ohun tó mú inú mi dùn jù nìyẹn. Igi kékeré tó gbà láti ṣẹ́ kí odindi ìrù má bàa kán, ó sàn ju irin tí kì í ṣẹ́, tó máa fa gbogbo ìdí bàálù tu.

Bàbá mi wá síbi pápá ní Sátidé tó kọjá. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọn kò sọ nǹkan kan títí bàálù fi balẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi ìka kan ti ìrù, wọ́n ní, “Kò yẹ̀ mọ́.” Mo béèrè bóyá a ò ní tà á mọ́. Wọ́n ní ká jẹ́ kó di ìparí táàmù ná, kí wọ́n rí bí gààrí ṣe máa tà. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ó yé mi. Bàálù kò lè jókòó ṣe WAEC fún mi. Bí wọ́n bá tà á, mọ́tò àti bátìrì ni wọ́n máa tà, wọn ò lè ta bí mo ṣe ń ṣe ìrù. Bí wọn kò bá tà á, ẹ̀gbọ́n mi á bá a láàyè tí wọ́n bá ti Èkó dé.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún rèé. Ní oṣù Èrèlé 2018, Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfúrufú Nàìjíríà gbé bàálù aláìlawakọ̀ kan tí wọ́n pè ní Tsaigumi jáde ní Kàdúná. Òun náà ní ìrù, ẹnì kan sì jókòó ṣírò bí ìrù yẹn ṣe máa wúwo tó. Ìṣirò rúlà àti ojú ọ̀bẹ tí wọ́n kọ́ wa ní SS 1 ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí JETS Club wa jọ̀ọ́ fi ìrọ̀lẹ́ kan sílẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́: káfíńtà kan, ẹni kan tó mọ iná, àti àwa. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Bí wọ́n bá sì ra fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n tuntun ládùúgbò yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáná sun fóòmù inú páálí rẹ̀. Ẹ gbé e wá fún mi ní SS 2 Science. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá mi ti ń béèrè ìdí tí tiwọn fi ń tín-ín-rín sí i.